Bí ọjà mi ṣe padà ń tà nínú auction house World of Warcraft

World of Warcraft jẹ́ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, auction house sì ni ọjà inú ẹ̀ táwọn tó ń gbá a ti ń tajà fúnra wọn. Ó lé lóṣù kan tí ewé àti oògùn tí mò ń tà níbẹ̀ ò lọ mọ́. Tí n bá ti gbé e síta báyìí, kó tó pẹ́ ẹnì kan á ti gbé tiẹ̀ síta, iye ẹ̀ á fi díẹ̀ kéré sí tèmi.

Mo kọ́kọ́ ń yọ ọjà kúrò kí n tún un gbé padà, àṣé owó ìdógò tí géèmù ń gbà tá a bá gbé ọjà síta ni mò ń sọ nù, torí tó o bá fọwọ́ ara ẹ yọ ọjà, wọn ò ní dá a padà. Mo tún já iye ẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ẹnì kan kàn kó gbogbo ẹ̀ ló bá tún un tà lówó gọbọi. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ rèé. Fún ọjà bí ewé, tí iye bá dọ́gba, tẹni tó gbé e síta kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń tà, torí náà mi ò já iye mọ́, iye ẹni tó kéré jù gan-an ni mò ń fi sí, ogún-ogún, kó wà lórí àtẹ fún wákàtí 12. Alẹ́ Wednesday ni mo ń gbé e síta, torí sáfà (server) Yúróòpù ni mo wà, ọjọ́ yẹn ni raid, ìyẹn ìjà ńlá táwọn èèyàn ń kóra jọ jà, máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, wọ́n sì máa ń wá oògùn. Níbí ní Under G l'Ógbómọ̀ṣọ́, mo máa ń ti cháàjì láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ kí iná tó lọ.

Auction house ṣì ń yọ 5% lára owó tí ọjà bá pa o, ṣùgbọ́n ọjà ń lọ. Mi ò tíì gbìyànjú ẹ̀ fún ìhámọ́ra.