Bí mo ṣe tẹ̀lé amọ̀ Durga láti Kumartuli dé etí odò

Iná ni ọ̀pọ̀ àlejò ń torí rẹ̀ lọ sí Kolkata ní Íńdíà lásìkò Durga Puja, ọdún tí àwọn Híńdù ń ṣe fún òrìṣà obìnrin tó ń jẹ́ Durga. Iná náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n júwe ọ̀nà fún òun, ọ̀dọ̀ amọ̀ ni màá ní kó ti bẹ̀rẹ̀. Odò Hooghly ni wọ́n ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ère Durga, odò yẹn kan náà ni wọ́n sì ń gbé e padà sí lọ́jọ́ tí ọdún bá parí. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń kun ère títí dìgbà tí omi máa gbà á, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù tó ń lé lójú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún yìí, nítorí náà kì í dúró sójú kan nínú kàlẹ́ńdà tiwa. Ní 2023, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ ìkẹyìn bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ni. Ẹ wo ọjọ́ ọdún dáadáa kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi gba Èkó sí Doha, mo sì ti ibẹ̀ wọkọ̀ òfurufú lọ sí Kolkata. Ẹ tètè wá físà, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ káàdì yẹ́lò ṣeré rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá kó tó dé Íńdíà. Ẹni tí kò bá ní káàdì náà lọ́wọ́, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ọdún á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ìhà àríwá ìlú ni mo dé sí, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Shobhabazar, nílé ìyá àgbà kan tó ń fi yàrá háyà. Inú mi dùn pé ibẹ̀ ni mo yàn. Ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn dé Kumartuli láti ibẹ̀, àgbàlá àwọn ìdílé àtijọ́ kò sì jìnnà.

Kumartuli ni àdúgbò àwọn amọ̀kòkò tó ń mọ ère. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé ẹ máa ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó ru apá òrìṣà lè kọjá. Ọparun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe egungun ère, wọ́n á wá fi okùn di pòròpórò ìrẹsì mọ́ ọn títí á fi ní àyà, itan àti apá. Amọ̀ tí wọ́n po èèpo ìrẹsì mọ́ ló ń ṣáájú, kó má bàa là. Èyí tó kúnná ni wọ́n fi ń dán an. Orí lọ́tọ̀, ìka ọwọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá rẹ́ wọn mọ́ ara. Òjò kì í tíì lọ tán lásìkò yẹn, nítorí náà mo rí àwọn tó ń fi iná gáàsì gbẹ èjìká òrìṣà, tí fáànù sì ń fẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo tọrọ àyè kí n tó ya fọ́tò, nítorí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Ojú ni wọ́n ń yà gbẹ̀yìn. Àṣà àtijọ́ ni pé àárọ̀ Mahalaya ni wọ́n ń ya á, ọjọ́ tí kò sí òṣùpá lójú ọ̀run, tí àwọn èèyàn ń wọ odò lọ bu omi fún àwọn baba ńlá wọn tó ti lọ. Láti àwọn ọdún 1930 ni rédíò ti ń gbé ìtàn Durga jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ìyá onílé mi ti ṣí tirẹ̀ sókè gbàgà kí n tó jí.

Ohun kan wà nípa amọ̀ náà tí mi ò lè gbójú fò. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn aṣẹ́wó pò mọ́ ọn. Àdúgbò Sonagachi tí wọ́n wà kò jìnnà sí Kumartuli. Àwọn obìnrin tí ìlú ń yẹra fún, láìsí erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọn, ère kò tíì pé. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọdún yìí ti jinlẹ̀ jù.

Ìtàn tí ère náà ń sọ ni pé Mahishasura, ẹ̀mí búburú tó ń di ẹfọ̀n, ti gba àṣẹ pé kò sí ọkùnrin kan tó lè pa òun, ì báà jẹ́ òrìṣà. Àwọn òrìṣà wá pa agbára wọn pọ̀, Durga sì jáde láti inú rẹ̀, wọ́n kó ohun ìjà wọn fún un, ó sì gun kìnnìún lọ pa á. Ìdí nìyẹn tó fi ní ọwọ́ mẹ́wàá. Àmọ́ àwọn ará Bengal, agbègbè tí Kolkata wà, fi ohun mìíràn kún un: Durga ń ti ilé ọkọ rẹ̀ Shiva bọ̀ wá sílé bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, Lakshmi, Saraswati, Ganesha àti Kartik. Gbogbo ìlú ń ṣe é lálejò bí ọmọ tó wá kí wọn.

Láti ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn Mahalaya ni àwọn àgọ́ tí wọ́n ń gbé ère sí ti ń ṣí fún gbogbo èèyàn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń dá owó kọ́ tirẹ̀, wọ́n á fi ọparun àti aṣọ ṣe ààfin, wọ́n á ṣe abúlé, wọ́n á ṣe ohunkóhun tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Ní 2021, UNESCO kọ Durga Puja ti Kolkata sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé, ẹni tó bá sì rí àwọn àgọ́ wọ̀nyí kò ní bi wọ́n léèrè ìdí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Bagbazar, níbi tí ère ṣì rí bíi ti àtijọ́, mo kọjá sí College Square, níbi tí iná ti ń tàn lójú omi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Kalighat kí n lè rìn yí àwọn àgọ́ gúúsù ká. Lálẹ́, ọlọ́pàá máa ń ta okùn dí ọ̀nà, takisí kò sì wúlò mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbani, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ di òru lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tí èrò bá ń dẹ́rù bà, kó jáde láàárín aago mẹ́ta òru sí mẹ́fà àárọ̀. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, nítorí ẹ máa bọ́ ọ léraléra.

Ẹ má fi gbogbo àkókò yín sí àgọ́ ńláńlá o. Ní Shobhabazar Rajbari, ààfin Nabakrishna Deb, ọlọ́lá kan láyé àtijọ́, wọ́n ti ń ṣe ọdún yìí láti 1757, wọ́n sì máa ń ṣí àgbàlá sílẹ̀ fún àlejò. Ibẹ̀ ni mo wà ní ọjọ́ kẹjọ fún ìsìn tí wọ́n ń pè ní Sandhi Puja. Ìṣẹ́jú 48 péré ni: ìṣẹ́jú 24 tó gbẹ̀yìn ọjọ́ kẹjọ àti 24 tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, àsìkò tí wọ́n gbà pé Durga bọ́ sí ìjà. Fìtílà 108, òdòdó lotus 108. Àwọn onílù dhak gbé ìlù kọ́ èjìká, ìyẹ́ ẹyẹ funfun wà lórí rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù ú kíkankíkan, èéfín tùràrí bo gbogbo wa. Kristẹni ni mí, n kò bá wọn fún òrìṣà ní òdòdó; mo dúró lẹ́yìn, mo bọ́ bàtà, mo dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, ẹnì kan tiẹ̀ fà mí síwájú kí n lè ríran.

Oúnjẹ kò ṣòro. Ní ọ̀sán, àdúgbò ń pín khichuri, ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pọ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Níta, bíríyánì Kolkata tó ní pòtétò nínú ni mo yàn láàyò, ẹran kì í sì í ṣe èèwọ̀ fún wọn lásìkò yìí bó ṣe rí láwọn ibòmíràn ní Íńdíà.

Ọjọ́ kẹwàá ni ìdágbére. Àwọn abilékọ gun àkàsọ̀ lọ fi àtíkè pupa kun Durga níwájú orí, wọ́n fi àkàrà dídùn kan ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kun ara wọn títí aṣọ funfun gbogbo wọn fi pọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù, onílù níwájú, àwọn ọ̀dọ́ ń jó lẹ́yìn. Mo tẹ̀lé wọn dé Babughat ní etí odò. Wọ́n yí ère náà po, wọ́n tì í sómi, gbogbo ẹnu ń pariwo pé lọ́dún tó ń bọ̀, ó tún máa ṣẹlẹ̀. Kíákíá ni ẹ̀rọ agbẹ́rù ìjọba gbé egungun ọparun náà jáde, kí ọ̀dà má bàa ba odò jẹ́.

Nígbà tí mo délé, àwọn ọmọ ọmọ ìyá onílé ń bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí màá ṣe ṣe níwájú ìyá bàbá mi. “Dìde, ọmọ mi, dìde,” ló wí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì fi àgbọn dídùn sí mi lọ́wọ́. “Ẹ ṣé, mà, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé,” ni mo fi dáhùn ní Yorùbá, kò gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ kẹwàá o, nítorí ọ̀nà á dí, ìgbé-ère-sómi sì máa ń gbà tó ọjọ́ mélòó kan. Bí òṣùpá bá wá yọ kíkún, wọ́n á ṣe ọdún Lakshmi nínú ilé wọn. Ní alẹ́ tí òṣùpá bá tún kú, Kali Puja, ọdún òrìṣà Kali, dé, tó máa ń bá Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀, pàdé, ère Kali sì ti ń gbẹ ní Kumartuli. Ẹni tí ibi iṣẹ́ bá fún láyè, kó dúró dè é.