Bí mo ṣe gbé pílánì ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn lé orí àwòrán sátẹ́láìtì

Ilẹ̀ náà wà ní apá Lágelú, lẹ́yìn ìgboro Ìbàdàn. Ohun méjì ni ẹni tó fẹ́ rà á ń béèrè: ṣé ibi tí wọ́n mú òun lọ wò ni ibi tí ìwé ń sọ, ṣé ẹnì kan sì ti kọ́ nǹkan síbẹ̀ rí? Kọ̀ǹpútà kan, QGIS (ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù) àti Google Earth Pro ni mo fi ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni ètò méjèèjì. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ náà gan-an, àmọ́ ìṣirò wọn pé.

Kí n tó wo àwòrán orí pílánì rárá, ọ̀rọ̀ kékeré abẹ́ àkọlé ni mo kọ́kọ́ wá: ORIGIN: UTM ZONE 31. UTM ni ọ̀nà tí wọ́n fi pín ayé sí sóònù, tí wọ́n sì ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà nínú sóònù kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Sóònù 31 bẹ̀rẹ̀ láti 0° dé 6° ní ìlà-oòrùn. Èkó, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ wà nínú rẹ̀, Kábà ló ti bọ́ sí sóònù 32. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni datum, ìyẹn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n àti irú ẹyin tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ayé. Pílánì ọdún 1998 ni, nítorí náà Minna ni mo gbà á sí. Òkúta L40 nítòsí ìlú Minna ni ìpìlẹ̀ datum yìí, Clarke 1880 sì ni ẹyin rẹ̀: láti àárín ayé dé ìlà ìdajì ayé jẹ́ mítà 6,378,249.145. WGS84 tí fóònù, Google àti gbogbo àwòrán sátẹ́láìtì ń lò jẹ́ mítà 6,378,137. Ẹyin méjèèjì kò dọ́gba, àárín wọn kò sì sí lójú kan náà. Bí pílánì bá jẹ́ ti àìpẹ́ yìí, ó lè jẹ́ WGS84 ni wọ́n lò. Ẹ bi awọnlẹ̀ tó fọwọ́ sí i, ẹ má ṣe méfò.

Pílánì àtijọ́ míì wà tí kì í ṣe UTM, tí wọ́n kọ Nigeria West Belt sí. Nọ́ńbà rẹ̀ yóò fi ara rẹ̀ hàn: ní agbègbè Ìbàdàn yìí, E rẹ̀ (mítà sí ìlà-oòrùn) á wà ní bí 177,000, N rẹ̀ (mítà sí àríwá) á wà ní bí 382,000. EPSG:26391 nìyẹn; nọ́ńbà EPSG ni ètò máàpù fi ń dá ọ̀nà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi 0.3048 sọ ọ́ di mítà ná.

Òkúta ààlà mẹ́rin ló wà lórí pílánì, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ E àti N rẹ̀ sí, bí wọ́n ti sábà máa ń ṣe. Bearing (igun tí ìlà fi yà kúrò ní àríwá) àti gígùn ìlà ni mo fi wá àwọn tó kù. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ 62°30′, mítà 36. Ẹ ó fi sin igun náà sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀ láti rí ohun tí ẹ ó fi kún E, ẹ ó fi cos rẹ̀ ṣe bákan náà fún N: 31.932 àti 16.623. Ìlà kejì, 152°30′ àti mítà 18, fún mi ní 8.311 àti òdì 15.966. Báyìí ni mo ṣe yí i ká títí mo fi padà sí òkúta àkọ́kọ́ (orúkọ òkúta, E, N):

P1,612340.250,824115.600
P2,612372.182,824132.223
P3,612380.493,824116.257
P4,612348.561,824099.634

Ọ̀fìn kan wà níbí. 62°30′ kì í ṣe 62.30, 62.5 ni. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ìyípo náà yóò ṣì padé láìsí àléébù, nítorí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ yí ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó ń fi ìpadé ìyípo yẹ iṣẹ́ wò kò ní rí i. Lórí mítà 36 ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 13, ṣùgbọ́n lórí oko tí ìlà rẹ̀ gùn ní mítà 300, ó ti kọjá mítà kan. Nínú Excel pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ lo RADIANS kí ẹ tó lo SIN, ẹ má sì ṣe fi kọ́mà pín ẹgbẹ̀rún nínú fáìlì CSV: 612,340 á di òpó méjì.

Nínú QGIS, mo lo Add Delimited Text Layer: X ni E, Y ni N. CRS, ìyẹn ọ̀nà ìwọ̀n, tí mo yàn ni EPSG:26331, èyí tó ń jẹ́ Minna / UTM zone 31N. Nígbà tí mo gbé àwòrán sátẹ́láìtì sábẹ́ rẹ̀, QGIS béèrè irú ìyípadà tí mo fẹ́ láti Minna sí WGS84. Mo mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ −92, −93, 122, ìyẹn iye mítà tí a fi ń sún àárín ẹyin kan sí ti èkejì. Ìyípadà yìí kò pé dé sẹ̀ǹtímítà. Ó lè ṣìnà ní mítà mélòó kan, ó sì tó fún ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù nìyí, àmọ́ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹ kàn wo ibi tó gbé yín dé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dán wọn wò. Nígbà tí mo yan EPSG:32631, ìyẹn UTM kan náà lórí WGS84, ilẹ̀ náà sún ní bíi mítà 88 sí ìlà-oòrùn àti mítà 120 sí gúúsù. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 150. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà pílánì sínú Google Earth tààrà, nítorí WGS84 ni UTM tirẹ̀. Nígbà tí CRS tọ̀nà ṣùgbọ́n tí mo mú ìyípadà tí wọ́n kọ ballpark (àfojúbù) sí lára, ó sún ní bíi mítà 86 sí ìlà-oòrùn àti 45 sí gúúsù. Nítorí náà, 150 túmọ̀ sí pé CRS ni ẹ ṣì yàn, bíi 100 sì túmọ̀ sí pé ìyípadà datum kò ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fi sóònù 32 sí i, ẹ ó bá ilẹ̀ Ìbàdàn ní ìpínlẹ̀ Taraba, nítòsí Takum. Bí ẹ bá gbé E sí ipò N, ẹ ó bá a láàárín Warri àti Ughelli. Àwọn méjì yìí kò léwu, nítorí ojú rí wọn kíá. Èyí tó léwu ni 150, torí pé àdúgbò kan náà ni ó ṣì wà, ilẹ̀ onílẹ̀ ló sì bọ́ sí.

Ẹ ṣọ́ ìwọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ náà. Pílánì sọ pé mítà onígun mẹ́rin 648 ni. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní EPSG:3857, tí àwọn máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, láìjẹ́ kí QGIS ro ti ẹyin ayé mọ́ ọn, ẹ ó rí bíi 663. Ilẹ̀ kò gbòòrò sí i o. Máàpù yẹn ló ń fẹ ohun gbogbo bó ṣe ń jìnnà sí ìlà ìdajì ayé.

Ó wá kan àwòrán. Mo fi QGIS yọ fáìlì KML, irú èyí tí Google Earth ń kà, mo ṣí i nínú Google Earth Pro, mo sì fa aago ìtàn rẹ̀ sẹ́yìn. Àwòrán ọdún oríṣiríṣi kì í bá ara wọn mu: mo gún àmì mọ́ oríta kan, mo wo ọdún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ ní mítà 6. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó sọ pé fẹ́ńsì ti rìn. Orí òrùlé náà máa ń fì kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bí sátẹ́láìtì bá ya àwòrán ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ wọ̀n láti ẹsẹ̀ ògiri. Esri Wayback, àkójọ àwòrán sátẹ́láìtì àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Ó ní àkójọ láti 2014, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán jáde ni ó ń kọ sára àkójọ. Ẹ tẹ orí àwòrán gan-an kí ẹ tó rí ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Fún ọdún tó jìn sẹ́yìn, àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, wà lórí ìkànnì EarthExplorer, àmọ́ píkísẹ́lì rẹ̀ kan (ẹyọ àmì tó kéré jù nínú àwòrán) jẹ́ mítà 30 lóròó àti níbùú, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 900. Ilẹ̀ onímítà 648 kò tó ẹyọ kan. Ti Sentinel-2, sátẹ́láìtì ètò Copernicus ti Yúróòpù, láti 2015, jẹ́ mítà 10, ilẹ̀ náà sì gba bíi píkísẹ́lì mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ ó mọ ìgbà tí wọ́n ro igbó ibẹ̀, ẹ kò ní rí ilé. Ìkùukùu máa ń bo àwòrán láàárín òjò, nítorí náà láti oṣù kọkànlá lọ ni mo ti ń wá a, mo sì ń fo àwọn ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú kí ojú ọ̀run ṣú.

Ilẹ̀ náà bọ́ sí ibi tí wọ́n mú oníbàárà lọ wò, kò sì sí ilé níbẹ̀ nínú àwòrán kankan. Fẹ́ńsì aládùúgbò wọ inú ìlà P2 sí P3 ní mítà 4. N kò pe ìyẹn ní wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀, torí pé àṣìṣe àwòrán àti ti ìyípadà datum tó bẹ́ẹ̀. Mo fi KML náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí awọnlẹ̀ wá òkúta P2 àti P3 rí kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì lọ yẹ pílánì wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.