Yíyí orúkọ padà kò tó: àṣìṣe àwọn tó fẹ́ sọ fanfiction di ìwé tiwọn

Ní ọdún 2013, Anna Todd bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fanfiction, ìyẹn ìtàn tí olólùfẹ́ ń kọ nípa gbajúmọ̀ tàbí ẹ̀dá inú ìtàn ẹlòmíì, sórí Wattpad, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ ìtàn, nípa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin One Direction. Nígbà tí ìtàn náà máa fi di ìwé títẹ̀ ní 2014, Harry Styles inú ẹgbẹ́ náà ti di Hardin Scott. Ìtàn tí E. L. James kọ́kọ́ fi Edward àti Bella inú ìwé Twilight kọ náà di ìwé tó tà káàkiri ayé. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fanfiction ti gbà pé iṣẹ́ kò ju kí èèyàn yọ orúkọ àtijọ́ kúrò, kó fi tuntun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yìí ló ń ba ìtàn tó dáa jẹ́ jù.

Ẹni tó ń ka fanfiction nípa àwọn ìwé Harry Potter ti mọ Draco Malfoy kó tó ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó mọ ilé tí wọ́n bí i sí, ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ó mọ ìdí tí kò fi lè rẹ́rìn-ín sí Hermione, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà nílé ìwé. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ó gbójú kúrò lára ọmọbìnrin náà, àyà òǹkàwé á já, nítorí ìwé méje ló wà lẹ́yìn ohun kékeré yẹn. Ẹ wá sọ Draco di Dáre, ìwé méje ti lọ nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin tí a kò mọ̀ rí ló ń gbójú kúrò lára ọmọbìnrin tí a kò mọ̀ rí. Kí ló kàn wá?

Ta ló bí Dáre? Gbèsè ta ló wà lọ́rùn rẹ̀? Irọ́ wo ló pa fún ìyá rẹ̀? Inú ayé tí ẹ̀yin fúnra yín dá ni ìdáhùn ti gbọ́dọ̀ wá. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ìwé tí Ali Hazelwood gbé jáde ní 2021 bẹ̀rẹ̀ láti ara Rey àti Kylo Ren inú fíìmù Star Wars, àmọ́ àárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Stanford ni ìtàn náà ti wáyé. Onímọ̀ nípa ọpọlọ ni obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó mọ ayé yẹn dunjú.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yí orúkọ náà padà. Demetrious Polychron kọ ìwé tó tẹ̀ lé The Lord of the Rings, ìtàn tí Tolkien kọ, ó tà á, ó sì tún gbé ẹbí Tolkien àti Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù lórí ìtàn náà, lọ sí kóòtù. Ó pàdánù. Ní ìparí 2023, adájọ́ ní Amẹ́ríkà pàṣẹ kó run gbogbo ẹ̀dà ìwé náà, kó sì san owó agbẹjọ́rò tó lé ní 130,000 dọ́là. Nílé wa náà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa ta ìrìn-àjò tuntun Àkàrà-Ògùn láìgba àṣẹ kí 2033 tó parí. Ti Ìjàpá ní tiẹ̀, gbogbo wa la jọ ni ín.

Ẹ wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn atẹ̀wéjáde òkè òkun ń fẹ́ fún àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 80,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀. Fanfiction lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí síbi tí ọkàn kò ti ní balẹ̀ kí òǹkàwé lè padà wá. Nínú ìwé tí èèyàn ń ka orí kan tẹ̀ lé òmíràn láìdúró, irú ìparí bẹ́ẹ̀ máa ń sú ni.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ àtijọ́ pamọ́ fún olóòtú. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa á rẹ́ lónìí, ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lórí fóònù àwọn tó wà á jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ ibi tí ìtàn náà ti jáde rí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kí ẹ tó yọ ìtàn náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi tó àwọn òǹkàwé yín létí, nítorí àwọn ló ń dúró tì yín nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ yín. Àmọ́ ẹ má ṣe polówó ìwé títà lórí AO3 (Archive of Our Own), ìkànnì tí wọ́n ń kó fanfiction sí, torí òfin ibẹ̀ kò gba òwò.