Bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ fún òfin tàbí àdéhùn tí a mú kúrò

Bí àwọn aṣòfin bá fi òfin tuntun mú ti àtijọ́ kúrò, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n pa á rẹ́, gẹ́gẹ́ bí Amẹ́ríkà ti ṣe ní 1933 sí òfin tó ka ọtí léèwọ̀. "Wọ́gi lé" (fagi lé kò jìnnà sí i) yẹ ohun tí aláṣẹ kéde pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́, irú èyí tí ìjọba Babangida ṣe sí ìbò ààrẹ ọdún 1993. Ẹ má ṣe fi "yẹ àdéhùn" rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ ti ṣẹ̀, àdéhùn náà sì lè wà síbẹ̀ débi tí ilé ẹjọ́ yóò fi mú un san owó gbà-máà-bínú. Òfin tí a kàn dá dúró ṣì lè padà ṣiṣẹ́.