Ẹ má dúró de èèrà: àṣìṣe àwa tí ikùn wa ti yọ síwájú

Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èèrà ni àwọn àgbà máa ń wò. Bí èèyàn bá tọ̀ sílẹ̀ tí èèrà sáré bò ó, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n èèrà máa ń pẹ́ dé. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 180 mg/dL (ìyẹn míligíráàmù ṣúgà nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan) kí kíndìnrín tó jẹ́ kó bọ́ sínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 126 láàárọ̀ kí èèyàn tó fẹnu kan oúnjẹ, tí wọ́n bá tún un wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi kò tilẹ̀ kan èèrà. Òun ni ti ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n ní 92 ni, tó wá ń yọ̀. Insulin, èròjà tí ẹ̀yà ara tó ń jẹ́ pánkíríásì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń bá ṣúgà kanlẹ̀kùn kí iṣan tó gbà á wọlé. Ọ̀rá tó wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀, títí ẹ̀dọ̀ àti iṣan á fi di adití sí insulin. Bí ìkanlẹ̀kùn kan kò bá tó, pánkíríásì á rán mẹ́ta, á rán mẹ́rin. Ṣúgà á ṣì wà ní 92 lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló gbé e dúró síbẹ̀. Pánkíríásì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ tó ti di adití yìí náà ló ń da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ lóru, tí ẹlòmíràn fi ń sùn lébi, tí ṣúgà rẹ̀ ga láàárọ̀, tó wá ń rò pé ayé ló ń ṣe òun.

Ẹ má fi kànìnkànìn bó ọrùn ọmọ yín. Bí ọmọ tó sanra bá ní awọ dúdú tó nípọn lẹ́yìn ọrùn tàbí lábíyá, ìdọ̀tí kọ́ o. Insulin tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ìpara kò lè ṣí i.

Ewúro ńkọ́? Kíkorò ń pa adùn lẹ́nu, kò pa á nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má torí àgbo ju oògùn dókítà nù. Òkèlè wíìtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ga bí òkè Olúmọ náà ń di ṣúgà, pàápàá tí ẹlẹ́rìndòdò bá tẹ̀ lé e.

Àwa ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká yé fi nọ́ńbà sòkòtò wọn ara wa. Abẹ́ ikùn la ń so bẹ́líìtì sí, ìyẹn la fi ń sọ pé 34 la ṣì ń wọ̀. Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí ni kí ẹ fi téèpù sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí sóde. Bó bá tó sẹ̀ńtímítà 94 fún ọkùnrin, tàbí 80 fún obìnrin, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ má sì rò pé dandan ni kí ẹ rù bí igi. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn tí kò ní agbára kankan nínú. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n fún àwọn mìíràn, dín in kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó wọn kílò 100, kílò 7 péré ni ìdá 7 tí wọ́n ní kí wọ́n dín kù yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà lórí abẹ́rẹ́ insulin, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà kó tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà tó já wálẹ̀ lójijì lè mú kó dákú.