Bí mo ṣe ra ẹ̀rọ èémí tuntun nígbà tí ti àtijọ́ gbó

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Ẹ gbọ́, ẹ̀rọ yín ti ń súfèé o," ló wí lóru ọjọ́ kan. Ọdún 7 ló ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn, ariwo rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, nítorí náà mo mọ̀ pé bó bá ti jí i, nǹkan ti ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ẹ́ńjìnì òun ti lo iye wákàtí tí wọ́n ṣe é fún. Mo ṣírò rẹ̀: wákàtí 8 lóru, ọdún 7, ó ti lé ní 20,000. Kò tíì kú, ó ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí òwúrọ̀ tí mo ti gbàgbé tún ti ń yọjú.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, sleep apnea ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá ti sùn wọra, ẹran ọ̀nà ọ̀fun mi a rọ̀, a dí ọ̀nà, èémí a dá, títí ọpọlọ yóò fi ta mí jí díẹ̀ kí n lè mí. Nígbà àyẹ̀wò mi àkọ́kọ́, ìgbà 38 ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Èyí tó bá ti tó 30, ó ti le nìyẹn. Ohun tí a ń fẹ́ ni kó má tó 5. Ẹ̀rọ CPAP, èyí tí Dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi tọ́jú irú wa ní Ọsirélíà ní 1980, kì í fúnni ní ọ́síjìn bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà, tó ń fẹ́ ẹ gba inú ìbòmú wọlé, agbára afẹ́fẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun pa dé. Òru tí mo bá lò ó nìkan ló ń gbà mí. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ rírọ́pò rẹ̀ falẹ̀.

Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo mú bírò. Mo ṣí ibi tí ètò ẹ̀rọ àtijọ́ wà, mo da gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ kọ: agbára afẹ́fẹ́ 11 cmH2O (ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), tí kì í yí padà mọ́ bó bá ti dé ibẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí oorun tó gbé mi lọ, ó ń dẹwọ́ ní ìpele 2 bí mo bá ń mí síta, ike omi tó ń mú afẹ́fẹ́ rin wà lórí 4. Mo yọ mẹ́mórì káàdì, mo da ohun inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe èyí lónìí tí tiyín ṣì ń tàn. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, àwọn nọ́ńbà yẹn bá a lọ nìyẹn. Ìwé tí dókítà kọ fún mi ní ọdún 7 sẹ́yìn, mo tú gbogbo ilé, mi ò rí i.

Mo rò pé dókítà kàn máa buwọ́ lùwé kí n máa lọ ni. Àfi bó ṣe ní kí n gun òṣùwọ̀n. Kílò 14 ti lọ lára mi láti ìgbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́. "Nọ́ńbà 11 yẹn, ara yín àtijọ́ la fi wọ̀n ọ́n," ló sọ fún mi, ó sì fún mi ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kékeré kan gbé lọ sílé: ìgbànú láyà, rọ́bà tín-ín-rín nímú, ohun kan bí ìdè lẹ́nu ìka. Mo sùn òru kan pẹ̀lú rẹ̀ láìlo CPAP. Èsì fi hàn pé èémí mi ń dá ní ìgbà 22 láàárín wákàtí kan. Mo ti ń gbàdúrà pé wọn yóò ní mi ò nílò ẹ̀rọ mọ́, nítorí náà ó dùn mí. Ó kọ ìwé tuntun fún mi: ẹ̀rọ tó ń yí agbára rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, láti 7 dé 13. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́ èémí ẹni. Bí ọ̀fun bá fẹ́ pa dé, a fi kún un, bí ó bá rọrùn, a dín in kù. Ó ṣe pàtàkì fún mi, torí bí mo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, afẹ́fẹ́ tí mo nílò ju ti ìgbà tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ.

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹnì kan fẹ́ fi àlòkù ta mí lọ́rẹ. Ọkàn rere ló fi ṣe é, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wákàtí orí rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ abẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ó wà lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá padà ní oṣù Kẹfà 2021. Fóòmù tí wọ́n fi pa ariwo ẹ́ńjìnì mọ́ nínú wọn lè rún, kí èérún rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹni. Mo dúpẹ́, mo dá a padà, mo sì ṣàlàyé fún un kó má fún ẹlòmíràn.

Irú tí mo máa rà kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Àwọn kékeré tí a ń gbé rìnrìn àjò wù mí, àmọ́ òmíràn nínú wọn kò ní ike omi, òmíràn kì í gba ìbòmú tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mú èyí tó tóbi díẹ̀, tó ní àyè mẹ́mórì káàdì, tí ṣájà rẹ̀ sì ń gba iná 100 dé 240 fóltì (volt). Ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22 bíi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nítorí náà ìbòmú tó ti bá ojú mi mu ni mo ń lò lọ. Rọ́bà àtijọ́ mi tó ní wáyà ìgbóná nínú ni kò bá a mu. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìbòmú tuntun mọ́ ọn, ẹ wò ó bóyá òòfà wà lára okùn rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń darí ọkàn nínú ara.

Ọlọ́jà ló yẹ kó fi nọ́ńbà inú ìwé dókítà sínú ẹ̀rọ kó tó gbé e wá. Ó sọ pé òun ti ṣe é. Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fi ìbòmú sójú, àyà mi já: agbára afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan, ó dà bí ẹni ń gba inú sítúrọ́ọ̀ mí. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí, bákan náà. Mo tan iná, mo ṣí ibi ètò, mo bá 4 dé 20 níbẹ̀, bí ó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ gan-an. Ká ní mi ò kọ nọ́ńbà sílẹ̀, mo lè rò pé ẹ̀rọ tuntun kò bá mi lára mu, kí n gbé e jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo lo èyí tó ń súfèé yẹn sùn mọ́jú. Lówùúrọ̀ mo pe ọlọ́jà, mo ka ìwé dókítà fún un lórí fóònù, a sì jọ tún un ṣe: 7, 13, ìpele 2, ìṣẹ́jú 20.

Òru kejì, mo sùn. Ṣùgbọ́n mi ò gba ara mi gbọ́ lórí pé mo sùn dáadáa. Mo fẹ́ rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ṣí i pẹ̀lú OSCAR, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń ka irú káàdì wọ̀nyí. Òru mẹ́ta àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ń jò gan-an láàárín aago 3 sí 4, èémí sì ń dá ní ìgbà 9 láàárín wákàtí kan. Ìtìmùtìmù ìbòmú, apá rírọ̀ tó ń kan ojú, ló ti gbó. Ẹ̀rọ nìkan ni mo rọ́pò, mi ò rántí rẹ̀. Mo pààrọ̀ ìtìmùtìmù yẹn. Òru tó tẹ̀ lé e: 2.1. Mo fi han dókítà, ó ní ká fi nọ́ńbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ àtijọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Abẹ́ tuntun yìí, mo lẹ bébà kan mọ́ ọn, mo kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí i, àti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Ìyàwó mi ya fọ́tò bébà náà sórí fóònù tirẹ̀.