Bí a ṣe ń wẹ̀, tí a sì ń para, bí ẹ́kísímà bá wà lára

Ẹni tí ẹ́kísímà, àìsàn awọ tó ń mú kí ara gbẹ, kó sì máa yún, ń yọ lẹ́nu sábà máa ń rò pé ìdọ̀tí ló ń yún òun, á wá máa fi kànrìnkàn àti ọṣẹ bó ara. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń pọ̀ sí i.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló tò léra wọn ní òkè awọ wa, ọ̀rá sì wà láàárín wọn bíi símẹ́ńtì láàárín búlọ́ọ̀kù. Òkè awọ tó dá ṣáṣá máa ń kan díẹ̀: pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan (bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe ń kan tó), tó nǹkan bíi 4.5 sí 5.5. Kíkan yìí ló ń jẹ́ kí awọ rí ọ̀rá náà ṣe, kò sì jẹ́ kí kòkòrò Staphylococcus aureus ráyè. Bí ẹ́kísímà bá dé, ọ̀rá á dín kù, pH á gòkè, omi inú awọ á máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú ṣe lè ní pH 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó lórúkọ rere, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan ibi tó ń yún.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀, ìṣẹ́jú 5 sí 10, ọwọ́ lásán. Ọṣẹ tí kò lóòórùn, tí wọ́n kọ pH 5.5 sí lára, ti tó; abíyá, ojú ara àti ẹsẹ̀ nìkan ló nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ ara jẹ́jẹ́, kí ó ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ sì para kí ìṣẹ́jú 3 tó kọjá. Vaseline dára ju ìpara tó ń ṣàn lọ, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń ṣàn. Ẹ fà á síbi tí irun ara dojú kọ. Bí ẹ bá fi ra ara lọ sókè sódò, ihò irun lè dí, kó sì sọ eéwo kéékèèké. Àgbàlagbà tí gbogbo ara rẹ̀ gbẹ lè lo tó 500 g lọ́sẹ̀ kan. Agolo kékeré kan lóṣù kò lè ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́.

Bí dókítà bá fún yín ní ìpara sítẹ́rọ́ìdì, òògùn tó ń mú kí awọ tó wú rọlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti orí ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò dé oríkèé àkọ́kọ́: ìyẹn tó ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìpara ìbóra tó ní clobetasol, sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára gan-an, kì í ṣe àrọ́pò èyí tí dókítà fún yín. Ìpara ìbóra bẹ́ẹ̀ ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Lára aláwọ̀ dúdú, ibi tó wú lè má pọ́n rárá, ó lè ṣe bí eérú tàbí kó dúdú sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná. Bí omi yẹ́lò bá ń sun, tó ń di èépá, tàbí ibà bá wọ̀ ọ́, ó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sì jìnnà síná: aṣọ tí Vaseline ti rin tètè ń gbiná.